Onígbàjámọ̀ Tó Ń Wá Ọpọlọ fún Kọ̀ǹpútà

Onígbàjámọ̀ kan wà tó jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹ lè dárúkọ létí rẹ̀ tí kò tíì ṣe rí. Bí ẹ bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó so aṣọ mọ́ yín lọ́rùn, tí ẹ wá ṣèèṣì sọ pé eyín ń dùn yín, yóò ní eyín mẹ́ta lòun ti fi ọwọ́ ara òun yọ rí, ọ̀kan nínú wọn kì í tiẹ̀ ṣe tòun. Bí ẹ bá ní àbúrò yín ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú, yóò dá kílípà dúró, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Mo ti ṣe é rí." Kò ní sọ ibi tó ti ṣe é, kò sì ní sọ ìgbà tó ṣe é. Á kàn tan kílípà padà ni, irun á sì máa já bọ́ bí ẹni pé òun náà ti gbà á gbọ́.

Nítorí èyí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Mo-Ti-Ṣe-É-Rí. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rò pé oyè ni wọ́n fi òun jẹ.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, nítorí nínú ilé náà ẹnì kan ti máa ń bá gbogbo wọn sọ tiwọn mọ́ tirẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà ní ọsibítù kan náà. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá mátírọ́nù tuntun, ó kọ̀wé sí i, èsì sì dé pé wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni, torí pé ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́ta tó máa bi í léèrè wà. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, náà ti ń ráhùn tipẹ́ pé orí fóònù lòun ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá òun, ojú sì ti ń dun òun. Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn á ra kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ilé á jọ máa lò. Tábìlì kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀ kò fẹ̀ ju fèrèsé lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ti gba ìdajì rẹ̀. Kékeré ni kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ jẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká pe àbúrò mi," ni ìyàwó wí nídìí oúnjẹ. "Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kúkú ń ṣe."

Mo-Ti-Ṣe-É-Rí gbé ṣíbí kalẹ̀. "Àbúrò rẹ kẹ̀? Kọ̀ǹpútà tí mo ti tò rí, tí mo tú u, tí mo tún un tò."

"Níbo, Bàbá mi?" ni ọmọbìnrin béèrè.

"Wọn ò tíì bí ọ nígbà yẹn."

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà ti awò ojú rẹ̀ sókè orí, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

"Ohun gbogbo," ni Mo-Ti-Ṣe-É-Rí dáhùn.

Obìnrin náà yíjú sí ìyàwó. Ìyàwó ṣàlàyé fún un: iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ìwé kíkọ díẹ̀, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ sókè, ó sọ àpótí dúdú kan kalẹ̀ tí kò tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ.

"Èyí á ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ," ni ó wí. "Àmọ́ ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mọ níwọ̀n. Àyè kan ṣì ṣófo níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín fi òmíràn kún un báyìí, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Mo-Ti-Ṣe-É-Rí kò gbọ́. Ó ń wo kọ̀ǹpútà gàgàrà kan tó wà ní igun, tí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń tàn nínú ikùn rẹ̀. Ó padà wo kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ojú sì tì í nítorí rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe páálí bàtà nìyí?" ó wí. "Ohun tí èèyàn máa gbé gba iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àdúgbò wa kọjá, ó yẹ kí ojú lè rí i."

Ìyàwó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ó dáa, ẹ dì í fún wa," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ fi ti ọpọlọ yẹn sílẹ̀. Bó bá di pé a nílò rẹ̀, èmi fúnra mi á fi kún un. Mo ti ṣe é rí."

Obìnrin ọlọ́jà wo ìyàwó. Ìyàwó ń wo àjà. Kí wọ́n tó jáde, obìnrin náà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìwé pélébé kan, ó fi há nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí ẹni ń há oògùn fún un.

Inú báàgì ìwé ọmọbìnrin ni kọ̀ǹpútà náà wọ̀, àyè sì tún kù. Ìyẹn kò wu bàbá rẹ̀. Òun gbé páálí ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn dígí rẹ̀ tí wọ́n rà mọ́ ọn, lé èjìká, ó sì pa ọ̀nà kọ́rọ́ tì, ó gba títì tó yí ká kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó rọra rìn bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun.

Káfíńtà gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Fèrèsé wo ló fọ́ nílé?"

Ọmọbìnrin ló tò ó. Bàbá dúró tì í, bó bá sì ti ki okùn kan bọ ihò tán, bàbá á ní, "Ó dáa, ki ìyẹn bọ ibẹ̀." Láàárín wákàtí kan, kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà méje ló gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bí onígbàjámọ̀ ṣe dá a tò tí ojú rẹ̀ wà ní dídì.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, nǹkan ń lọ déédéé. Ẹ̀yìn náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìdí ni pé Mo-Ti-Ṣe-É-Rí ti mọ ọ̀nà ibi ìdíje bọ́ọ̀lù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọkọ̀ ojú omi kíkàn, kì í sì í ti ojú ewé kankan tó bá ti ṣí. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá kà á. Ó burú débi pé ìyàwó tẹ lẹ́tà A kan ṣoṣo, ó jáde lọ ká aṣọ lórí okùn, ó ká a pọ̀, ó kó o sínú àpótí, ó padà dé, ó sì bá lẹ́tà náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyàwó pe àbúrò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n fi dán an wò. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ni ojú rẹ̀ bá gan síbẹ̀ tòun ti ẹnu lílà. Àbúrò rẹ̀ ní odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin lòun fi dúró kí ó sín.

"Ọpọlọ rẹ̀ ni ò tó," ni ọmọbìnrin wí. "Àti pé ojú ewé mẹ́tàlélógójì ni Bàbá mi ṣí sílẹ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni bàbá rẹ̀ gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n pe obìnrin ọlọ́jà yẹn," ni ìyàwó wí.

"Kí ni wàá pè é sí? Ṣé kì í ṣe ọpọlọ ni? Kí Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, á ti wà níbẹ̀."

Àdúgbò wọn ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù tí gbogbo èèyàn ti ń jíṣẹ́ fún ara wọn. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí jókòó, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀; ó ní àmì wà fún àwọn tí kò gbọ́ èdè. Ohun tó kọ nìyí: "E ku ise o. Opolo mi kere ju, ko le gbe ise mo. Mo n wa eyi to tobi. Eni to ba ni, ko jowo je ki n mo."

Káfíńtà ló kọ́kọ́ fèsì: "Ọ̀gá, ó pẹ́ tá a ti mọ̀. À ń retí kí ẹ̀yin náà mọ̀ ni."

Obìnrin tó ni ilé tó kángun sí títì kò kà á bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní: "Ọ̀pọ̀lọ́ ńláńlá ló wà nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé mi, wọn ò jẹ́ ká sùn. Ẹ gbé garawa wá, kí ẹ kó gbogbo wọn."

Onígbàjámọ̀ yára kọ ọ́ pé ti kọ̀ǹpútà lòun ń sọ.

"Haa, ti kọ̀ǹpútà," ni obìnrin náà kọ padà. "Ṣé eku tí wọ́n so mọ́ ọn kò tó o ni, tí ẹ tún fẹ́ fi ọ̀pọ̀lọ́ sí i?"

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Ọjọ́rú, ó dá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù.

"Irú kọ̀ǹpútà wo ni tiyín?" ni ọlọ́jà ibẹ̀ bi í. "Ńlá ni àbí kékeré?"

Èèyàn mẹ́rin ló dúró tì wọ́n. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lè sọ ọ́ jáde.

"Ńlá ni," ó wí. "Ńlá gan-an."

Wọ́n dì í fún un. Wọ́n tún sọ fún un pé àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti tà padà, ó sì mi orí bí ẹni pé òun gan-an ló ṣe òfin náà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyàwó wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Onígbàjámọ̀ ì bá ṣe iṣẹ́ náà ní pálọ̀ kí ó parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wò ó níbẹ̀? Ó fi aṣọ ìnura we kọ̀ǹpútà bí ọmọ tuntun, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí káfíńtà àti oníbàárà méjì ti ń dúró dè é. Ó tẹ́ aṣọ irun gígẹ̀ sórí tábìlì. Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ó ṣí i.

Ọpọlọ tó bá nínú rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ: pátákó pélébé kan tí eyín wúrà wẹ́wẹ́ tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú tuntun jáde. Ó gùn ní ìlọ́po méjì.

"Kò ní wọlé," ni káfíńtà wí.

"Á wọlé."

"Ọ̀gá, ogún ọdún ni mo ti ń ki igi bọ inú igi. Èyí ò ní wọlé."

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí àyè gbà á." Ó yọ ti tẹ́lẹ̀. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́ lórí, ó ki í bọ̀ ọ́ nídìí, ó ki í ní ìbú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí rẹ̀. "Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà yìí ló ṣì í ṣe," ó wí níkẹyìn.

"Ṣé kí n lọ mú ayùn wá?" ni káfíńtà béèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ó rò ó wò díẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí oníbàárà kan já wọlé, tó ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Onígbàjámọ̀ palẹ̀ tábìlì mọ́ kíákíá. Ó dé kọ̀ǹpútà padà. Nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù, ó sì sọ fún wọn pé èlé ni. Ó gẹ irun. Ó gbé kọ̀ǹpútà relé, ó tàn án. Ó ké pí-pí-pí lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Kí ló dé tí kò ṣí?" ni ọmọbìnrin bi í, báàgì ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ń ronú ni."

"Kí ló fi ń ronú, Bàbá mi?"

Aago márùn-ún ni ìyàwó wọlé. Wọ́n sọ fún un. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó wo ojú dúdú náà pẹ́. Ó wá béèrè níbo ni èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí àpò òsì, ó fọwọ́ sí àpò ọ̀tún, ó yọ ọ́ lófìfo.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó wí, "ọ̀la ni o."

Bó bá pariwo ni, ọkọ rẹ̀ ì bá rí nǹkan fi dáhùn. Ọkọ náà dìde, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi ìka yẹ òkìtì irun tó ti gbá jọ wò, irun funfun, irun dúdú, irun àwọn tó ti sọ̀rọ̀ fún láti àárọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ronú kan ọdún mọ́kànlá tí obìnrin yìí ti ń jí lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kò rí ohunkóhun.

Ìyàwó ní tirẹ̀ ti mú ìwé pélébé yẹn jáde, ó ti pe obìnrin ọlọ́jà. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló wà lójú ọ̀nà òun. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, òun á yà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mo-Ti-Ṣe-É-Rí tún gbé ojú kọ̀ǹpútà lé èjìká. Ọ̀nà kọ́rọ́ ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì gbé ìyókù tẹ̀lé e. Káfíńtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wá gẹ irun, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó wá wò.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lu kí obìnrin ọlọ́jà tó dé. Ó tú àpótí, ó wo ikùn rẹ̀ tó ṣófo, ó sì wo onígbàjámọ̀. "Ti àkọ́kọ́ dà?"

Ọmọbìnrin fẹ́ ya irun iwájú orí ìyá rẹ̀ kó lè gún régé. Ó nawọ́ sínú ìgò omi apakòkòrò tí bàbá rẹ̀ máa ń rẹ òòyà sí, ó sì fa ohun kan yọ.

"Bàbá mi, irú òòyà wo tiẹ̀ nìyí?"

Eyín wúrà ni. Omi ń kán lára rẹ̀. Níbi tí bàbá ti ń palẹ̀ tábìlì mọ́ lánàá, ohun tó ní eyín ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ó sì kó o síbi tó máa ń kó ohun tó bá ní eyín sí.

Obìnrin ọlọ́jà fi ìka méjì gbà á. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ta ọpọlọ," ó wí. "Mi ò tíì rí èyí tí wọ́n fi apakòkòrò wẹ̀."

Onígbàjámọ̀ sáré lọ fa àga fún un.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni obìnrin náà fi ki tuntun méjì bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n aago ti di mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé e délé mọ́. Ibí náà ni wọ́n á ti ṣe é. Àwòrán irun orí mẹ́rìnlélógún ló wà lára ògiri kan, dígí ńlá ló sì wà lára ògiri kejì. Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè fi orí mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó sì jókòó, ó kẹ̀yìn sí dígí. Ọmọbìnrin fi fóònù rẹ̀ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí káfíńtà, tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ kí obìnrin ọlọ́jà tó dé, má ṣe mira. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí, nínú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ funfun, lọ dúró sẹ́yìn kọ̀ǹpútà níbi tí ojú rẹ̀ kò lè dé, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà sínú.

Àwọn mẹ́ta náà yọjú: bàbá àgbà kan tó ń húkọ́, obìnrin kan tó mú gègé dání, àti ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n béèrè, nọ́ọ̀sì dáhùn. Wọ́n tún béèrè, ó tún dáhùn, kò yára, kò falẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gan. Níkẹyìn, bàbá àgbà tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

"Ẹ sọ fún wa nípa ìgbà kan tí ẹnì kan tó rò pé òun mọ iṣẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, àti bí ẹ ṣe yanjú rẹ̀."

Káfíńtà gbé aṣọ ọrùn rẹ̀ bo ẹnu.

"Aláìsàn kan wà lọ́wọ́ mi, sà," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Lánàá ni ó dá iṣẹ́ abẹ ṣe, iṣẹ́ tí kò kọ́. Ó yọ ọpọlọ, kò sì rántí ibi tó fi sí mọ́."

"Ọpọlọ kẹ̀?" Gègé bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Mi ò pariwo mọ́ ọn, mà. Ariwo kò ní wá ohun tó sọnù rí. Mo pe ẹni tó mọ iṣẹ́, mo sì ní kí aláìsàn náà dúró sí ibi tí mo ti lè máa rí i, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ sì ti bọ́ sípò."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ̀wé. Obìnrin onígègé gbójú sókè, ó sì súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

"Mo rí i pé dókítà kan wà pẹ̀lú yín níbẹ̀," ó wí. "Èyí tó wọ aṣọ funfun nínú dígí ẹ̀yìn yín. Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ̀yin rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn yìí?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mo-Ti-Ṣe-É-Rí, kò sẹ́ni tó pè é ní dókítà rí. Àyà rẹ̀ rọra wú, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì la ẹnu.

Ìyàwó rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn.

"Kì í ṣe dókítà, mà," ó wí. "Aláìsàn náà nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni lẹ́tà dé pé ó ti di mátírọ́nù. Ní ti ọkọ rẹ̀, káfíńtà ti gbé ọ̀rọ̀ náà kárí àdúgbò kí wọ́n tó fá ìdajì orí rẹ̀ tó kù. Títí di òní, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù náà kì í kí onígbàjámọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ná, wọ́n á wò ó lójú tàánú-tàánú, wọ́n á wá rọra bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ara ti ń mókun díẹ̀díẹ̀?"